Ìró Abẹ́ Pákó Sùbéérù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jí wa sáyé lónìí tí kò jí wa sínú sàréè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Àńnábì wa. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni mo fẹ́ bá yín sọ. N kò ní sọ ti ìrun, n kò ní sọ ti ààwẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú yìí mọ ìrun kí, mo rí iwájú orí yín bó ṣe dúdú. Ẹni tó mọ ìrun kí, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń jìyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun gan-an ni mo wá bá wí. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, tẹ́ ẹ dúró lábẹ́ igi yẹn, ẹ má lọ o, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ọkùnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́, Sùbéérù lorúkọ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni o! Ẹ má rò pé olè ni mo fẹ́ ròyìn. Sáfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, ni àyè rẹ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó ń gbé ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ sítòsí ọ̀sà, irú ilé àtijọ́ tí wọn kò da kankéré sí òkè rẹ̀. Pákó ìrókò ni wọ́n tò sórí ìtì igi. Pákó yẹn ni ẹni tó wà lókè ń tẹ̀, òun náà ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń wò bó bá na ẹ̀yìn lórí ibùsùn. Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wọn.

Ta ló wà nísàlẹ̀? Ìyá arúgbó kan ni, opó, Ìyá Mọ́díínà ni wọ́n ń pè é. Bàbá Sùbéérù ló fún un ní yàrá náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Mọ́díínà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Ṣàgámù. Ìyá yìí ní ikọ́ fée. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, á máa mí bí ẹni pé wọ́n fi okùn fún un lọ́rùn. Ó ní ọ̀pá tó fi ń rìn. Bí àwọn ọmọ Sùbéérù bá ń fò lókè, á na ọ̀pá náà sókè, á kan pákó: kó, kó, kó. Sùbéérù á ní, "Ìyá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn.

Wọlimọ́tù ọmọ Sùbéérù tó parí Kùránì wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àlùfáà ńláńlá ń bọ̀ wá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀: pákó ti dúdú, ó ti gbó, ibòmíràn ń dún bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ó pe káfíńtà kan tó ń jẹ́ Gàníyù. Gàníyù yọ àwọn pákó tí ikán ti jẹ, ó fi tuntun rọ́pò wọn, ó ní ó ku kí òun fi ẹ̀rọ fá gbogbo rẹ̀ kó dán, kí òun tó kùn ún ní fánìṣì.

Ó ní, "Alhaji, eruku ẹ̀rọ yìí pọ̀ o. Àárín pákó ló máa gbà lọ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn lọ sílé ẹlòmíràn títí a ó fi parí."

Sùbéérù ní, "Màá bá a sọ ọ́."

Ṣé ó bá a sọ ọ́? Ìyá náà ló gòkè wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó di ògiri mú, èémí rẹ̀ ń sú bí ìfé, eruku ti wà lórí ìborùn rẹ̀.

"Sùbéérù, ọmọ mi, àyà ń dí mi. Ẹ ò ṣe ní sùúrù díẹ̀, kí Mọ́díínà wá mú mi lọ?"

Ẹ gbọ́ èsì: "Ìyá, ẹ fara dà á. Nítorí Ọlọ́hun la ṣe ń ṣe é."

Nítorí Ọlọ́hun! Ta ló rán an? Ẹ wo bí a ṣe ń fi orúkọ Ọlọ́hun pa ẹlẹ́mìí lẹ́nu mọ́. Ìyá náà yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àyìlà ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ń ké lórí pákó, ni ìró bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kó, kó, kó. Gàníyù pa ẹ̀rọ.

"Alhaji, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Sìdíkátù, ìyàwó Sùbéérù, yọjú láti ibi ìdáná. "Alhaji, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wò ó."

"Wo kí ni? Ṣé ìjà lo fẹ́ lọ gbà wá ni? Oúnjẹ àlejò ni kó o gbájú mọ́."

Sìdíkátù padà. Gàníyù tan ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ló gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí Àláásárì tó, Sùbéérù ní òun kò ní lè dé mọ́ṣáláṣí. Ó gbá eruku sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró ìrun lórí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó forí kanlẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ wà lórí igi, ó ń wí pé mímọ́ ni fún Olúwa mi tó ga jù, ni ìró náà bá dún lábẹ́ orí rẹ̀ gan-an. Kó. Ó dákẹ́. Kó. Kò le bíi ti ìṣáájú mọ́. Ó dà bí ẹni tí ọ̀pá ti wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùbéérù wí lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, ó fẹ́ ba ìrun mi jẹ́."

Ó kí ìrun rẹ̀ parí. Ó sálámà. Ó fa tẹ́sùbáà, kò fo ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa dìde, ìsàlẹ̀ ti dákẹ́. Inú rẹ̀ sì dùn pé ó dákẹ́.

Ìyá ọlọ́mọ yẹn, ẹ má bínú, ẹ bá wa rẹ ọmọ lẹ́kún. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Sìdíkátù ló gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ kí Mọ̀gàríbì tó tó. Igbe rẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ìyá Mọ́díínà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀. Eruku pákó ti bò ó. Ó bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó bo ètè rẹ̀, ó bo ife omi tó wà nítòsí rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Ọ̀pá nìkan ló kù tó lè fi ránṣẹ́.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sin ín. Sùbéérù wà ní sáfù àkọ́kọ́ níbi ìrun jànáásà. Àwọn èèyàn ní, "Kádàrá ni. Arúgbó ni, ikọ́ fée sì ń bá a jà." Wọ́n ní kí wọ́n sọ fún Mọ́díínà pé ojú oorun ni ìyá rẹ̀ gbà lọ. Ta ló ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀? Sùbéérù ni.

Ọjọ́ wọlimọ́tù pé. Pákó ń dán bí omi ọ̀sà lábẹ́ oòrùn. Àwọn àlùfáà bọ́ bàtà, wọ́n ń wolẹ̀, wọ́n ń yin ilé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì, ohùn rẹ̀ dùn. Ni Sùbéérù bá gbọ́: kó. Ó wo ojú àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó mira. Kó. Ó rọra bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ta ló ń kan ilẹ̀?"

Ẹni náà ní, "Ilẹ̀ wo?"

Láti ìgbà náà, kò lè forí kanlẹ̀ nínú ilé yẹn kó má gbọ́ ọ. Ó tẹ́ rọ́ọ̀gì. Ó tẹ́ òmíràn lé e. Ó gba mọ́ṣáláṣí lọ, níbi tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì lórí erùpẹ̀ ni, tí kò sí yàrá kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó rù, aṣọ tú lọ́rùn rẹ̀.

Ó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ bá mi lé òkú kan kúrò nílé."

Mo ní, "Kí ni òkú náà ń ṣe?" Ó sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní, "Alhaji, òkú kì í kan pákó. Ìyá yẹn ti wà lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀. Ọkàn yín ló ń gbọ́ ohun tí ẹ kọ̀ láti gbọ́. N kò ní tírà tó ń lé ìyẹn. Ẹ lọ bá ọmọ rẹ̀, kí ẹ sọ òótọ́."

Ó lọ sí Ṣàgámù. Mọ́díínà gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó ń dúpẹ́ pé ó bá òun tọ́jú ìyá òun. Sùbéérù kò lè mu omi náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tó lè pè ní àbúrò, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti eruku, ó sọ ti ọ̀pá, ó sọ ti ìrun tó kí parí.

 Obìnrin náà bi í léèrè pé, "Ṣé ó pẹ́ tó fi ń kàn án?"

Sùbéérù ní, "Ó pẹ́."

Ó sunkún, kò pariwo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dìde, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀tọ́ tèmi tó wà lọ́rùn yín, mo yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Ti ìyá mi, n kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Òun ló ni ín. Ẹ ó bá a lọ́dọ̀ Ọlọ́hun."

Ẹ ń wojú mi pé bóyá ìró náà dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró o. Títí di òní, bó bá gbọ́ ọ, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, á ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo yẹn, á ní, "Ìyá, mo ti dé." Ta ni yóò dá a lóhùn? Á dúró díẹ̀, á gòkè padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Olúwa rẹ, Aláàánú ni, tọrọ àforíjì. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti aládùúgbò, ẹnu aládùúgbò ni àforíjì rẹ̀ wà, ikú sì lè pa ẹnu náà dé. Ìrun tó wà lọ́rùn rẹ, o lè já a láti gba ẹ̀mí là, kó o sì padà wá kí i. Ẹ̀mí kì í padà. Ta ló ń gbé ẹ̀yìn ògiri rẹ? Kí lorúkọ rẹ̀? Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn?

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí ìjọsìn wa dí wa létí. Ẹ ṣàmín. Má jẹ́ kí aládùúgbò fa aṣọ wa mú níwájú Rẹ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Ẹni tó ń ké tí a kò gbọ́ lónìí, Ọlọ́hun, mú ẹsẹ̀ wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmín. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ máa lọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹ kọ́kọ́ yà wò wọ́n.