Rọ́bà Tí Kò Gba Ooru

Oyèdèjì ní kí Rúùtù ìyàwó òun gbé òun jókòó, torí ohun tó fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìdùbúlẹ̀ sọ. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Mashood, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nídìí kànga gáàsì nígbà kan rí, ló wá kí i láti Ọ̀yọ́ nílé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tí iná ti bà jẹ́ gbé ọsàn dání.

"Mashood, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ìwọ kọ́ lo pa Josiah. Èmi ni."

Mashood rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ sinmi, ọ̀gá."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ṣé o rántí rọ́bà tí a fi dí ẹ̀gbẹ́ páìpù nísàlẹ̀ kànga, kí gáàsì má baà gbabẹ̀ gòkè? O kìlọ̀ fún mi. O ní, 'Ọ̀gá, ìsàlẹ̀ yìí gbóná ju ti àwọn kànga tó kù lọ, rọ́bà yìí ò ní lè gbà á.' Mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Èyí tó lè gba ooru náà ò tíì dé láti òkè òkun, àwọn ọ̀gá àgbà sì ń pè mí ṣáá pé ìgbà wo la máa parí. Ìgbéga ló wà lójú mi, èmi ìkà yìí. Mo ní kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Ooru yọ́ ọ, gáàsì gòkè, iná sọ. Josiah tó wà nídìí kànga ò ráyè sá."

Ikọ́ gbé e. Rúùtù fi omi tọ́ ọ lẹ́nu.

"Èyí tó burú jù ni ti ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọ, o bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo wo ojú rẹ, mo ní ìwọ ni o ò de rọ́bà náà dáadáa. Ohun tí mo sọ fún ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. O bú sẹ́kún, o ń dúpẹ́ pé mi ò fi ọlọ́pàá mú ọ. Mo sì gba ọpẹ́ náà!"

Ó retí igbe, ó retí èpè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Mashood ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Lọ́dọọdún, tá a bá ti kírun Iléyá tán, Iresa ni mo máa ń lọ, láti lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Josiah. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n da omi sí mi lára, wọ́n lé mi jáde. Mi ò yéé lọ. Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó mi kó kúrò nílé, torí orúkọ Josiah ni mò ń ké lójú oorun. Ìyá yẹn kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀gá. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí."

"Dákun, Mashood, dárí jì mí."

"Tèmi rọrùn. Ta la máa bẹ̀ nítorí ìyá yẹn?" Ó dìde. "Rejoice, àbúrò Josiah, ṣì wà ní Iresa. Ọkọ̀ tó gbé mi wá ń dúró níta."

Rúùtù ní ọkọ òun ò lágbára ìrìn. Mashood bẹ̀rẹ̀, ó gbé Oyèdèjì lé apá bí ọmọdé, ó gbé e jókòó sínú ọkọ̀, ó sì jókòó tì í.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ba Oyèdèjì. "Ṣé wàá bá mi wọlé tọ Rejoice?"

Ọkọ̀ wọn yà sọ́nà Iresa.

"Nígbà tèmi," Mashood ní, "èmi nìkan ni mo máa ń dá wọlé."