Òrí Lórí Àwùjẹ̀

Ibi tí a tò sí láti wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn Okpomèta ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti aboyún tó jókòó tì í.

Ìyá ń fi òrí pa àwùjẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Tí ibí yìí bá ti lè dì, ọpọlọ ọmọ ti pé nìyẹn." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀; ike òrí tèmi wà nínú àpò.

Aboyún rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ìyá. Inú oyún ni ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í gbó tán títí ọmọ á fi lé ní ogún ọdún. Ibi tí èèyàn fi ń ro ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló ń gbó kẹ́yìn."

"Ọmọ tó ti ga ju baba ẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Òrùlé ni wọ́n kàn yẹn, ìyá. Wọn ò tíì rẹ́ inú ilé."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí àwùjẹ̀. "Wọn ò tíì rẹ́ inú ilé."

Ó fa fóònù yọ, ó nà án sí aboyún. "Ọmọ mi, bá mi pe baba ọmọ yìí. Èmi ni mo bí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún. Mo ní ó ti dàgbà, kó jáde nílé mi."