Nọ́ọ̀sì Ni Ìyá Mi Ń Pè Mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ojú ń tì mí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá gbé tẹlifóònù sétí láti kí ìyá mi n'Ìbàdàn, "Nọ́ọ̀sì mi" ló fi máa ń dá mi lóhùn kó tó dárúkọ mi. Bó bá sì ti pè mí bẹ́ẹ̀, ṣe ni ara mi á súnkì bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. N kò ṣe é rí lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe dára, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo fi bò ó ló sọ ìyá mi di ẹni tí kò lè fi ọwọ́ òsì gbé ife omi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi.

Ọdún 1991 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Hillcrest Heights ló ń gbé nígbà náà. Òun ló wá ilé ìwé fún mi, òun náà ló yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé láàárín àwa Yorùbá tí a jọ ń kírun Jímọ̀, bí obìnrin mẹ́ta bá tò lẹ́sẹẹsẹ, méjì á jẹ́ nọ́ọ̀sì. Inú ìyá mi dùn débi pé ó pe àwọn ààfáà wá ṣàdúà sí i nílé. Èmi náà kò kọ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n gbé wá sókè òkun tún lẹ́nu láti sọ pé èyí wu òun, èyí kò wu òun?

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbà mí. Ní ọdún kejì tí wọ́n mú wa lọ sọ́sibítù láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn, bí mo bá ti di abẹ́rẹ́ mú, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì. Àsìkò yẹn gan-an ni mo rí iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní ọgbà kan lójú ọ̀nà Brandywine, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ òdòdó àti igi eléso fún títà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ló ni ọgbà náà, Miss Loretta là ń pè é, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan tí ọ̀gbìn tòmátò kéékèèké kún inú rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò. Yìnyín bo ilẹ̀ níta, òtútù ń gé èèyàn létí, ṣùgbọ́n nínú ilé onírọ́bà tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀gbìn yẹn, ó móoru, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń ta sánsán bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ gbà mí gbọ́, omijé bọ́ lójú mi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lọ́sibítù kò gbọ̀n rárá! Miss Loretta dúró tì mí, ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ, ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó ní, "A jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ló mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Àṣé ibẹ̀ lorí mi wà. Kò pẹ́ tí mo fi ń wo ewé lásán tí mo fi ń mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ igi yìí, omi ti pọ̀ jù fún tọ̀hún, gbòǹgbò èyí ti kún ìkòkò, ó ń wá ibi tó máa gbà. Igi tí àwọn ẹlòmíràn bá ní kí a jù nù, mo máa gé ibi tó ti kú lára rẹ̀, mo máa gbé e sí ibòòji, tó bá di oṣù kejì, á ti rúwé. Bí mo bá délé lálẹ́, ẹ̀yìn á máa ro mí, ṣùgbọ́n inú mi á dùn. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Kí ọdún náà tó parí, mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ọgbà ni mo wá ń lọ lójoojúmọ́.

N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ wí? Ta ló máa gbọ́ n'Ìbàdàn pé wọ́n rán ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà, pé ó dé ọ̀hún, ó ń ro oko? Láràárọ̀ ni mo ń wọ yunifọ́ọ̀mù funfun jáde lójú ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá dé ọgbà, mo máa lọ bọ́ ọ ní balùwẹ̀ Miss Loretta, mo máa wọ bàtà rọ́bà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó tó kó lọ sí Houston, irọ́ náà wá ráyè na ẹsẹ̀. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé mo ti yege, pé wọ́n ti fún mi níwèé àṣẹ, pé mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sibítù. Ìyá mi pa àgbò.

Ní 1997, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ní kí ìyá wa wá kí wa. Ọ̀dọ̀ mi ló sọ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń yí i wò. Ó ní, "Kí ló dé tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ le báyìí, bíi ti àgbẹ̀?" Mo ní, "Ọṣẹ tí a fi ń fọwọ́ lọ́sibítù ni, Màámi." Ó káàánú mi, ó fi òrí pa ọwọ́ náà fún mi. Ọ̀rọ̀ òrí yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló pè mí jókòó lẹ́yìn ìrun àṣárì. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún mi nílé yìí, ó ń mú mi tọ̀ jù. Àlùwàlá mi ò dúró mọ́. Ṣé mo lè dá a dúró ná?" Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan péré ni ìbá gbà wá là: Màámi, n kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì gidi kan ń gbé nílé kejì sí tiwa, obìnrin Ìbàdàn ẹlẹgbẹ́ mi. Ǹ bá lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bi mí pé èwo ni nọ́ọ̀sì ń bi nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìtìjú kò jẹ́ kí n lọ. Mo gbé ohùn kalẹ̀ bíi dókítà, mo ní, "Ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ara yín sinmi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí àǹfààní ọmọ!"

Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò pé. Àárọ̀ Sátidé kan ni, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo gbọ́ tí àwo fọ́ ní kíṣìnì. Mo bá ìyá mi níbi tó fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbìyànjú láti pe orúkọ mi, kò lè pè é tán. Rọpárọsẹ̀! N kò mọ bí mo ṣe pe ámbúláǹsì. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan bi mí léèrè bóyá ìyá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní ó ti dá a dúró. Ó ní, "Ta ló ní kó dá a dúró? Ẹ bi í fún mi." Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni ògbufọ̀. Mo bi í. Ó wo ojú mi. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún un fà mí láṣọ sún mọ́ra, ó ń fi ẹnu tó wọ́ fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Sọ fún un pé èmi ni mo gbàgbé. Má dárúkọ ara ẹ o. Kí wọ́n má lọ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ."

Ìwé àṣẹ wo? Ìwé tí kò sí níbì kankan! Abiyamọ tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, òun ló tún ń fi ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáàbò bo irọ́ mi. Kí ni ẹ sì rò pé mo ṣe? Mo yíjú sí dókítà náà, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, ìyá mi ní òun gbàgbé ni.

Ọlọ́run ṣàánú, kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ọwọ́ òsì ni kò padà. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo lórí fóònù pé, "Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, ojú ẹ báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Nígbà tí ìyá mi padà sí Ìbàdàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Miss Loretta. Mo ní bóyá kí n fi iṣẹ́ òdòdó yìí sílẹ̀, pé òun ló fa gbogbo rẹ̀. Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Òdòdó ò ṣe ìyá ẹ ní nǹkan kan. Ẹnu ẹ ló ṣe é. Ẹnu náà ni kó o fi tún un ṣe." Ọdún kan àbọ̀ rèé, n kò tíì fi tún un ṣe. Miss Loretta kò lè dúró pẹ́ mọ́, èmi ló fi gbogbo ọgbà náà lé lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń wa mọ́tò láti ìlú Bowie wá béèrè mi. Inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà mo máa rántí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun ìtìjú kan nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀! Èmi ni mo fi ìtìjú kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn pamọ́ nítorí ẹnu ayé, ẹ tètè sọ ọ́ síta, torí pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a.

Ní báyìí, ìyá mi tún ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ kó wá sí Houston kí dókítà wò ó, ó fárígá. Ó ní ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì òun lòun ń lọ. Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé ọkàn rẹ̀ á gbà á, nígbà tó bá mọ̀ pé lásán ló fi ọwọ́ rẹ̀ bo àṣírí mi? Bí n kò bá sì jẹ́wọ́ ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin àgbà, kó tó dé. Oríṣi oògùn mẹ́rin ló ní òun ń kó bọ̀ nínú àpò, ó ní èmi ni mo máa sọ èyí tí òun máa lò.