Ọjọ́bọ̀ Nìkan Ni Mo Tún Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jàre, kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa pa mí. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọwọ́ Bàbá Oníná ti bàjẹ́, irọ́ ni o. Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Akọ̀wé.

Ẹ mọ̀ pé ààrò méjì la ní níbi tá a ti ń ṣe búrẹ́dì. Bàbá Oníná ló ń yan búrẹ́dì nínú ti àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń lo tuntun. Èyí tó bá jóná, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ló ń bọ́ sí. Èmi tí mo ń kà á lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló mọ ti ta ni. Ọ̀gá wá ní kí n ya tàwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan, kóun lè mọ ààrò tóun máa tì pa. Mo yà á sórí kọ̀ǹpútà: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òpó méjì tó fara kanra, tó ń ga bí búrẹ́dì tó jóná bá ṣe pọ̀ tó, búlúù fún Bàbá, pupa fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹwà lójú mi. Àṣé nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ sí i, orúkọ Bàbá ni mo sì kọ́kọ́ kọ. Bí gbogbo òpó gíga ṣe di ti Bàbá nìyẹn.

Àṣìṣe nìyẹn o, kì í ṣe ìkà. Ìkà ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọ̀gá ṣe ń yìn mí nínú ìpàdé, tí orí mi ń wú bí ìyẹ̀fun tó ti jẹ ìwúkàrà, ojú mi bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Òpó búlúù nìkan ló dá dúró níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Bàbá ò dáná rárá ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ààrò ẹ̀ ló yọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti pààrọ̀ orúkọ wọn. Mo jẹ́ kí ọ̀gá máa yìn mí lọ.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé, ṣé mo fẹ́ kóun máa jókòó sílé ni? Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, Ọjọ́bọ̀ máa tú wa fó." Ó ní, "Ṣé o ò lọ́wọ́ ni? Tún Ọjọ́bọ̀ ṣe."

Mo tún un ṣe. Ọjọ́bọ̀ nìkan. Mo fi òótọ́ kan ṣoṣo lẹ irọ́ yòókù mọ́ ògiri.

Bàbá bá wá, ó ní kí n ka ṣáàtì náà fóun. Mo na ìka, ìka tèmi yìí, mo ní, "Bàbá, tiyín ló ga." Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Akọ̀wé mi, ọjọ́ tí mi ò dáná nìkan ni mi ò ba búrẹ́dì jẹ́." Mi ò lè gbé ojú sókè. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ lo yà á, òótọ́ ni. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ló ti ń ṣú." Ó bọ́ aṣọ ìnu-òógùn ọrùn ẹ̀, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn ààrò, ó lọ sílé, kò padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Mo lọ kí i lánàá. Omi ń hó lórí sítóòfù, ìyàwó ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá jókòó síbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè tó sítóòfù náà, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi pa iná yẹn. Wọ́n ní mo máa ń jó nǹkan."

Mo ti lẹ ṣáàtì gidi mọ́ ògiri láti àárọ̀, ọ̀gá ti rí i, ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò burú. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń bá èèyàn ka nǹkan, tí ẹ bá ṣì í, ẹ pariwo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé ẹnì kan gbà á gbọ́.

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Aṣọ yín ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ọwọ́ yín ò bàjẹ́ rí.