Ẹ̀ka Tó Bo Ìtẹ́ Náà

"Ta ló gé ẹ̀ka tó bo ìtẹ́ ẹyẹ yẹn?" Bí ọ̀gá wa obìnrin ṣe bi gbogbo wa nìyẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá ìpàdé tí a jókòó sí yìí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi ni. Ó ti ń gún mi lọ́kàn tipẹ́, mi ò sì lè gbé e mì mọ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń fi kámẹ́rà ya àwòrán ẹyẹ fún ọgbà wa. Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ fún mi ní òfin kan: bí ewé bá dí ojú ìtẹ́, okùn ni kí n fi fà á sẹ́yìn, kí n ya àwòrán, kí n sì tú okùn náà kíákíá. Mi ò gbọdọ̀ gé e láé, torí ewé yẹn ni òrùlé àwọn ọmọ ẹyẹ. Mo mọ òfin yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹyẹ aláyà pupa wá kọ́ ìtẹ́ sórí igi tó ga jù lẹ́yìn ọ́fíìsì, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn láti máa pa àlọ́, kí n sì máa tú ohun tó bá ta kókó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè mí ní Apàlọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun àkàbà, tí mò ń ṣírò ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, títí mo fi rí i pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ń dí mi lọ́wọ́. Ó nípọn ju ohun tí okùn lè fà lọ. Bàbá Olódòdó, tó ń tọ́jú igi àti òdòdó wa, ń bomi rin nǹkan nísàlẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Apàlọ́, ṣé o fẹ́ ya ẹyẹ yẹn ni, àbí o fẹ́ fi ṣaya? Sọ̀kalẹ̀ jàre. Àwọn ọmọ rẹ̀ á dàgbà, wọ́n á jáde wá bá ọ." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ jẹun, mo mú ayùn rẹ̀, mo gun igi, mo gé ẹ̀ka náà.

Mo yà á: ìyá ẹyẹ ń fi kòkòrò sí ọmọ mẹ́ta lẹ́nu, oòrùn ń tàn láyà rẹ̀ bí ẹyin iná. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí òrùlé ẹnikẹ́ni. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn ti pa méjì, àwòdì ti gbé ìkẹta. Ìyá wọn ń fò yí igi ká, kòkòrò wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ẹni fún.

Èyí tó burú jù ló kù. Ní ìpàdé tí mo sọ yẹn, ọ̀gá ní ayùn ni wọ́n fi gé ẹ̀ka náà, ó béèrè ẹni tó ni ayùn. Bàbá ní òun ni, àmọ́ òun kò gun igi kankan. Ọ̀gá yíjú sí mi: "Ìwọ tí o máa ń wà níbẹ̀, kí lo rí?" Mo ní, "Mo rí ayùn lọ́wọ́ Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ náà, mà." Òótọ́ ni. Igi gbígbẹ ló ń fi gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé ìyẹn pamọ́ sínú. Ìkà ni mí! Ọ̀gá ní kí Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó jáde nínú yàrá tó gbé nínú ọgbà yìí fún ọdún méjìlélógún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Dìde, Apàlọ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

"Ìwọ náà ni. Àwòrán rẹ ló sọ fún mi. Ẹyẹ ni gbogbo yín ń wò; èmi wo ojú ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gé."

Ẹ dárí jì mí. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí Bàbá, kí orúkọ rẹ̀ mọ́ kó tó fi wá sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ń wá ẹ̀rí, àwòrán náà ló wà lára ògiri lẹ́yìn yín. Ẹ yíjú padà. Ẹ wo òkè ìtẹ́, lápá òsì: kùkùté ẹ̀ka kan, ojú rẹ̀ funfun báláú, oje ṣì ń kán lára rẹ̀.