Ohùn Màámi Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó rò pé ohùn ìyá wa tó ti kú ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí mọ́, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe ní Sabon Tasha, ní Kaduna níbí. N kò kọ́ ọ nílé ìwé, títú palẹ̀ àti títò padà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àìsàn Màámi le, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó ní òun fẹ́ kì wá ní oríkì, àwa ọmọ mẹ́ta àtàwọn ọmọ wa, kí a gbà á sórí fóònù, torí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá ni, Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kì wá. Á sinmi, á mu omi, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo sọ ọ́ di sáfà ilé: mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, n kì í pa á, ohun tó bá wà lórí fóònù wa ń gba orí Wáìfáì lọ síbẹ̀ fún ìpamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Injiniya, èyí tó ti fẹ̀yìn tì lo tún pè padà sẹ́nu iṣẹ́?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà pa ti orí fóònù yín rẹ́ kí àyè lè wà. Ọ̀dọ̀ mi ló dáa jù." Àbúrò wa obìnrin ò tiẹ̀ jiyàn. "To, na goge." Ó ti pa tiẹ̀ rẹ́ nìyẹn; èmi àti Bọ̀dá náà pa tiwa.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo rí i nígbà tí bátìrì ẹ̀ wú, tó ń gbé kíìbọ́ọ̀dù sókè. Bí oníbàárà bá gbé irú ẹ̀ wá, kó tó jókòó ni mo ti máa yọ ọ́, torí ó lè gbiná. Ṣùgbọ́n bátìrì yẹn ló ń gbé sáfà ró bí iná bá lọ, iná wa kì í sì í pẹ́ lọ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù tútù lé e kó lè tẹ̀ wálẹ̀, mo ní tó bá di Sátidé n ó pààrọ̀ ẹ̀. Sátidé mẹ́ta kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú Màámi, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo bá èéfín. Yẹ̀pẹ̀ ni mo fi pa iná ọ̀hún. Mo ju kọ́bọ́ọ̀dù nù, mo ní ikán ló jẹ ẹ́. Mo gbé èyí tó kù nínú láptọ́ọ̀pù náà lọ bá ọ̀gá kan ní Kawo tó máa ń yọ nǹkan jáde nínú ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Madam, sai hakuri." Kí n ṣáà fara dà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ yìí. Bọ̀dá ti sọ fún àwọn àna pé ohùn Màámi ni wọ́n máa fi kì í bó bá ń jáde nílé, òun ò wá ẹlòmíràn. Mo ti gbìyànjú láti rántí oríkì ọmọ náà kí n lè kì í fúnra mi, n kò kọjá ìlà kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Bọ̀dá kí ọjọ́ tó pé? Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Ó pè mí lánàá pé kí n fi ohùn náà ránṣẹ́, òun fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò.

Mo ní, "Ẹ fún mi dọ̀la, Bọ̀dá."

Ọ̀la ọ̀hún ti dé. Fóònù mi ń dún báyìí.