Ọwọ́ Asimawu Kọ́ Ló Ba Kòkó Wa Jẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ojowo, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ mi. Ara mi ò lè gbé mi pẹ́ mọ́, ẹ̀yin náà ẹ sáà ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Èmi Oyèbọ̀dé, bàbá Leah, tí ẹ gbé oògùn kòkó gbogbo yín lé lọ́wọ́, èmi ni mo bà wá jẹ́.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ ó kó oògùn jọ sọ́dọ̀ mi, èmi á pò ó, màá fọ́n ọn káàkiri oko. Láyé ijọ́un, tí òjò bá ti dá, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú á sinmi. Àmọ́ òjò ò mọ ìgbà mọ́. Ooru á mú, òjò á tún rọ̀ lé e nígbà tó yẹ kí ilẹ̀ gbẹ, á wẹ oògùn dànù. Oògùn wa ò wá kárí mọ́. Kí ni mo ṣe? Mo bu omi là á. Èyí tó nípọn, oko tèmi ni mo ń fọ́n ọn sí. Ojúkòkòrò ni, kò lórúkọ míì.

Ànúolúwa, ọmọbìnrin tí ìjọba rán sí àwa àgbẹ̀, kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má pò ó fẹ́lẹ́, ẹ sì máa pààrọ̀ oògùn. Ojú ọjọ́ yìí ń mú kí àrùn tètè máa bí sí i. Èyí tí oògùn ò bá rí pa ló máa bímọ, àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì ní bẹ̀rù oògùn mọ́." Mo ní, "Nígbà tí mo ti ń fọ́n kòkó, wọn ò tíì bí ìyá ẹ." Agbéraga ni mí jàre. Nígbà tó yá, mo pò ó nípọn títí, èso ń dúdú lójú mi. Oko tèmi náà ò yọ.

Ẹ wá ń bi mí ohun tó ń ba kòkó wa jẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Samson ló sọ pé, "Àbí ẹnìkan wà láàárín wa tí ọwọ́ ẹ̀ burú ni?" Ǹ bá ní rárá. Háà! Asimawu, opó tí oko ẹ̀ wà létí odò, ni mo dárúkọ. Oko ẹ̀ ló kọ́kọ́ dúdú, torí omi lásán ni mo ń fọ́n síbẹ̀. Kò lọ́kọ tó máa bi mí. Ẹ gbà á lẹ́nu mi, ẹ gba oko lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá Leah, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ oko mi." Mo yíjú.

Mo lọ bá a ní Efire, níbi tó kó lọ, lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, nílé Afeezat ọmọ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ kàn fẹ́ tù mí nínú ni." Afeezat gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, ìyá ẹ̀ kì í dé ibẹ̀, kí ọwọ́ òun má bàa ba ti ọmọ òun jẹ́. Yéè, mo dáràn!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ti Ànúolúwa. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí tó bá wù yín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá oko obìnrin yẹn padà. Gbogbo wa la jọ sọ pé ọwọ́ ẹ̀ burú, ẹnu èmi nìkan ò ká a mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Efire, gbogbo yín. Ẹ mú irúgbìn kòkó dání, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn ín fún yín.